Ohùn Ẹni tí Ó Ra Ọjà

Ní àtijọ́, bí ìyàwó ilé kan bá ti Ajue lọ ná ọjà ní Òrè, tí ohun tí ó rà kò sì dára, ta ni yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ bí kò ṣe ọkọ rẹ̀ àti àwọn aládùúgbò? Lóde òní, fóònù ti sọ ohùn rẹ̀ di agogo. Ohun tí ó bá kọ sórí Facebook ní òwúrọ̀ lè dé Èkó àti Àbújá kí ilẹ̀ tó ṣú. Agbára ńlá ni èyí, ẹ̀yin ìyá ọmọ, ṣùgbọ́n ó gba ọgbọ́n.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ìyá ọmọ kan ní Èkó kọ ọ́ sórí Facebook pé tòmátì alágolo ilé-iṣẹ́ Erisco Foods ti dùn jù, bí ẹni pé ṣúgà ni. Ẹnìkan ní kí ó má ba ọjà arákùnrin òun jẹ́. Ó fèsì pé kí onítọ̀hún gba arákùnrin rẹ̀ níyànjú kí ó yé fi ọjà rẹ̀ pa ènìyàn. Ilé-iṣẹ́ náà ní ó ba àwọn lórúkọ jẹ́. Kí oṣù náà tó parí, àwọn ọlọ́pàá ti mú un lọ sí Àbújá, tòun ti oyún nínú. Òfin ọdún 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ni wọ́n fi pè é lẹ́jọ́, òfin tí ó lè fi ènìyàn sẹ́wọ̀n ọdún 3. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú, wọ́n ní àwọn kò ní ra ọjà náà mọ́. Bí olówó ti ní agbẹjọ́rò, bẹ́ẹ̀ ni oníbàárà ní àpò tirẹ̀ tí ó lè pa dé.

Ǹjẹ́ kí a wá dákẹ́ bí? Rárá o. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún wa ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tí ó dára, tí kò sì léwu. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàrin “ó dùn jù lẹ́nu mi” àti “ó ń pa ènìyàn”. Ahọ́n rẹ ni ẹlẹ́rìí èkíní. Èkejì ń fẹ́ àyẹ̀wò.

Nítorí náà, wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí ọjà yóò bàjẹ́ kí o tó sanwó. Bí ó bá ní àbùkù, ya àwòrán rẹ̀, tọ́jú agolo àti rìsíìtì, kí o sì dá a padà fún ẹni tí ó tà á. Bí kò bá gbọ́, kọ̀wé sí àjọ FCCPC tàbí NAFDAC. Bí o bá fẹ́ kọ ọ́ sórí Facebook, ohun tí ojú rẹ rí nìkan ni kí o kọ.

Má sì ṣe tan ọ̀rọ̀ tí o kò wádìí kálẹ̀ lórí WhatsApp. Ìyá tí ń ta gààrí lọ́jà Òrè kò ní agbẹjọ́rò. Ọ̀rọ̀ èké kan ṣoṣo lè gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó.