Mọ́tò Tí Ó Gba Ènìyàn àti Iṣu

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni a fẹ́ sọ lónìí. Ẹnì kan ta kaṣú, tàbí tẹ̀gbọ́n tàbúrò kó owó jọ. Wọ́n fẹ́ mọ́tò tí yóò gbé àwọn ọmọ, tí yóò sì gbé iṣu láti Manigri dé ọjà Bassila. Èwo ni kí wọ́n rà?

Ẹ rántí Peugeot 504 tí a máa ń wọ̀ lọ sí Djougou tàbí Savalou. Ọdún 1968 ni wọ́n mú 504 jáde ní Faransé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn. Èyí tí wọ́n ń pè ní familiale ní ìlà ìjókòó mẹ́ta. Kí ló jẹ́ kí ó lè ru ẹrù tó bẹ́ẹ̀? Láàárín táyà iwájú àti táyà ẹ̀yìn, ó fi sẹ̀ǹtímítà 16 gùn ju 504 lásán lọ. Wọ́n sì fi sípíríǹgì mẹ́rin sí ẹ̀yìn rẹ̀, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì.

Nítorí náà, tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta mọ́tò ní Cotonou, ẹ má kọ́kọ́ wo ọ̀dà tó ń dán. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ẹ tẹ ìjókòó ẹ̀yìn balẹ̀. Ṣé ó tẹ́ pẹrẹsẹ? Ẹ mú okùn tí ẹ ti fi wọn àpò àgbàdo nílé, kí ẹ fi wọn inú mọ́tò náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Tí abẹ́ bá sún mọ́lẹ̀ jù, kùkùté ọ̀nà oko yóò bà á jẹ́.

Ṣùgbọ́n mọ́tò lè láyè kí ó má lágbára. Ibí yìí ni ìwé tí ẹ kọ́ ti wúlò. Ẹ gba ìwé mọ́tò, carte grise. Lórí ọ̀pọ̀ ìwé mọ́tò tó ti Yúróòpù dé, ẹ ó rí F.1. Ìwọ̀n tí mọ́tò àti gbogbo ohun inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá nìyẹn. Ẹ ó rí G. Ìwọ̀n mọ́tò àti awakọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ yọ G kúrò nínú F.1.

Ká ní F.1 jẹ́ kílò 1950, G sì jẹ́ 1400. Ó ku 550. Ènìyàn mẹ́fà wọlé ti awakọ̀, kílò 65 ẹnì kọ̀ọ̀kan: 390 nìyẹn. Ó ku 160. Àpò àgbàdo kan tó jẹ́ kílò 100 lè wọlé. Ìkejì kò lè wọlé mọ́.

Awakọ̀ yóò ní kí ẹ gbé ìkejì sórí òrùlé. Ṣé òrùlé kì í ṣe ara mọ́tò ni? Ẹrù orí òrùlé tún burú jù, nítorí ó lè dojú mọ́tò dé níbi kọ́nà. Ẹrù àpọ̀jù ń mú táyà gbóná títí yóò fi bẹ́. Bíréékì kì í sì tètè mú un dúró.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí àgbà mẹ́rin jókòó sẹ́yìn. Tí ìdí mọ́tò bá wọlẹ̀ gan-an, sípíríǹgì rẹ̀ ti rẹ̀. Ẹ bi àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe ní Bassila bóyá wọ́n mọ irú rẹ̀, àti ibi tí wọ́n ti ń rí ẹ̀yà rẹ̀ rà. Tí ó bá jẹ́ Cotonou nìkan ni, ẹ wá òmíràn.