Ìwé ìròyìn akẹ́kọ̀ọ́ n'Ífẹ̀: Kò sówó oṣù níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ wà

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Òwe àwọn àgbà yìí bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe ìwé ìròyìn nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, mu gan-an ni. Ẹnikẹ́ni kì í san owó oṣù fún wọn, ìdánwò kò sì ní tìtorí wọn yẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n ń kọ́ nídìí iṣẹ́ náà máa ń bá wọn jáde ọgbà.

Iṣẹ́ ìròyìn kì í ṣe àjèjì n'Ífẹ̀. Ibẹ̀ ni Kúnlé Ajíbádé, Dàpọ̀ Ọlọ́runyọmí àti Babáfẹ́mi Òjúdù ti kàwé, kó tó di pé wọ́n yí orúkọ iléèwé náà padà lọ́dún 1987. Lọ́dún 1993, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lára àwọn tó dá ìwé ìròyìn TheNEWS sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba ológun fòfin dè é lọ́dún yẹn kan náà, Tempo ni wọ́n gbé jáde. Lọ́dún 1995, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n gbére fún Ajíbádé nítorí ìròyìn kan, ọdún 1998 ló tó gba òmìnira.

Ẹni tó bá fẹ́ tọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lónìí, ìdí títo ojú ìwé ló ti máa mọ̀ pé iṣẹ́ ìròyìn ju ká mọ gẹ̀ẹ́sì kọ lọ. Ìṣirò ni àkọ́kọ́. Bébà kan tí wọ́n ká sí méjì, ojú ìwé mẹ́rin ló ń dì. Nítorí náà, ìwé tí wọ́n bá fẹ́ dì láàárín gbọ́dọ̀ jẹ́ ojú ìwé 16, 20 tàbí 24. Bí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ débi tó fi di 21, àfi kí olóòtú gé e, tàbí kó wá ohun tí yóò fi dí mẹ́ta tó kù.

Àwọ̀ tún ńkọ́? Ìmọ́lẹ̀ ni kọ̀ǹpútà fi ń gbé àwòrán jáde, tàdáwà mẹ́rin sì ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò. Ìdí nìyí tí àwòrán tó ń dán lójú kọ̀ǹpútà fi lè ṣókùnkùn lórí bébà.

Ibi tó le jù ni àmì ohùn. Bí fọ́ǹtì tí wọ́n fi tẹ Yorùbá kò bá sí lórí kọ̀ǹpútà òǹtẹ̀wé, àmì orí àti ti abẹ́ lè fò lọ, tàbí kó di àpótí kéékèèké. 'Ọwọ́' á di 'owo', 'ọkọ́' á di 'oko'. Ẹni tí wọ́n bá ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní bá òǹtẹ̀wé jà, akẹ́kọ̀ọ́ tó to ìwé ni yóò dojú kọ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ láti so fọ́ǹtì mọ́ fáìlì, kí wọ́n sì tẹ ẹ̀dà kan wò kí wọ́n tó tẹ 500.

Èyí tí kọ̀ǹpútà kò lè kọ́ni ni bíbá ènìyàn ṣe. Ẹni tó kọ̀wé kò fẹ́ kí wọ́n gé ọ̀rọ̀ òun, ẹni tó polówó ọjà kò tíì san owó, òǹtẹ̀wé sì ní òun ò ní fọwọ́ kan iṣẹ́ láìrí owó.

Ohun tó ń dunni ni pé nígbà púpọ̀, irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń bá àwọn tó ṣe é kógbá sílé. Ó yẹ kí àwọn tó ń lọ kọ́ àwọn tó ń bọ̀, kí wọ́n sì kó fáìlì lé wọn lọ́wọ́. Kí oníkálukú sì fi ẹ̀dà tirẹ̀ pamọ́. Lọ́jọ́ tó bá ń wáṣẹ́, ìwé ẹ̀rí á sọ ohun tó kà, ẹ̀dà yẹn ni yóò fi ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe hàn.