Ohun tí Àwòrán Àwọn Apẹja Shetland Kò Fi Hàn

Ẹnikẹ́ni tí ó bá wo àwòrán àtijọ́ àwọn apẹja Shetland, àwọn erékùṣù tí ó wà ní àríwá Scotland, yóò rò pé ayé ìdẹ̀ra ni wọ́n jẹ. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ rí ọ̀kan tí wọ́n yà ní apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Mo rí ọkọ̀ onígi ní etíkun, ahéré olókùúta, àti àwọn ọkùnrin tí wọ́n dúró jẹ́ẹ́.

Ẹ̀yin olùkàwé wa, etíkun nìkan ni kámẹ́rà ìgbà náà lè yà dáadáa. Iṣẹ́ wọn gan-an wà lójú agbami, nígbà mìíràn ní ogójì máìlì sí ilẹ̀. Haaf ni wọ́n ń pè é, èyí tí í ṣe agbami òkun ní èdè àwọn baba ńlá wọn tí wọ́n ti Norway wá. Ọkùnrin mẹ́fà ni ó ń wa ọkọ̀ kan, pẹ̀lú àjẹ̀ mẹ́fà àti ìgbòkun kan. Kò sí ìbòrí kankan lórí wọn. Láti oṣù May dé August ni wọ́n ń ju okùn gígùn tí ìwọ̀ kún ara rẹ̀ sínú omi. Wọn a la ẹja náà, wọn a fi iyọ̀ sí i, wọn a sì sá a sórí òkúta wẹ́wẹ́. Ẹbí pánla tí ó ń ti Norway wá sí ọjà wa ni, àmọ́ pánla kì í rí iyọ̀.

Gbèsè ni ó dùn mí jù. Onílẹ̀ tàbí oníṣòwò ni ó ń fún wọn ní okùn, ìwọ̀ àti ìyẹ̀fun láwìn. Òun nìkan ni wọ́n gbọ́dọ̀ ta ẹja fún, òun náà ni yóò sì dá iye owó rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Bí ọmọ bá tà á fún ẹlòmíràn, wọ́n lè lé bàbá kúrò lórí ilẹ̀. Àwa ì bá pè wọ́n ní ìwọ̀fà, bí kò ṣe pé ìwọ̀fà tiwa mọ iye tí yóò san kí ó tó gba ara rẹ̀.

Ní 1872, ìgbìmọ̀ ìwádìí ìjọba gbọ́ ẹjọ́ wọn. Ní July 1881, ìjì gbé ọkọ̀ 10 lọ ní òru kan: ọkùnrin 58 kú, wọ́n fi opó 34 àti ọmọ aláìníbaba 85 sílẹ̀. Òfin 1886 ni ó wá dáàbò bo àwọn àgbẹ̀ kéékèèké lórí ilẹ̀ wọn. Nígbà náà, ọkọ̀ ńlá tí ń pa ẹja hẹ́rìn ti ń fa àwọn ọkùnrin mọ́ra, haaf sì kú díẹ̀díẹ̀.

Ní Fethaland, níbi tí nǹkan bí ọgọ́ta ọkọ̀ ti ń jáde, ògiri ahéré wọn ṣì wà. Kò sí òrùlé lórí rẹ̀. Nígbà tiwọn pàápàá, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni wọ́n ń bò ó.