Àwòrán Orí Àpáta àti Èdè Àwọn tí ó Yà á: Àpẹẹrẹ Àwọn San

Bí a bá dárúkọ àwòrán orí àpáta, ihò Lascaux ni ó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn àwa tí a kàwé ní èdè Faransé. Kò sí ẹni tí ó mọ èdè tí àwọn ayàwòrán Lascaux ń sọ. Ti àwọn San ní òkè Drakensberg, ní Gúúsù Áfíríkà, yàtọ̀: ọ̀rọ̀ ẹnu wà tí a lè fi sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán.

Ní 1873, Qing, ọkùnrin San kan, mú Joseph Orpen, òṣìṣẹ́ ìjọba, lọ wo àwọn àwòrán ní òkè Maloti. Orpen bi í pé àwọn wo ni ọkùnrin olórí ẹranko wọ̀nyí. Qing ní wọ́n ti kú, inú odò ni wọ́n ń gbé, ijó ni ó sì bà wọ́n jẹ́. Ẹnu ògbufọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà gbà kọjá.

Ní àkókò kan náà, ní Cape Town, Wilhelm Bleek àti Lucy Lloyd ń kọ èdè ǀXam sílẹ̀ lẹ́nu àwọn San tí ọ̀pọ̀ wọn ti ṣẹ̀wọ̀n. Àkọsílẹ̀ wọn ju ojú-ìwé 12 000 lọ. Diä!kwain, ọ̀kan nínú wọn, tún ṣàlàyé àdàkọ àwòrán tí Orpen ṣe.

Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà ni David Lewis-Williams fi àwọn ọ̀rọ̀ yìí ka àwòrán. Ó ní “ikú” Qing jẹ́ àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́: ipò tí oníṣègùn ń bọ́ sí lójú ijó, tí ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, tí kò ní mọ ibi tí ó wà mọ́. Ní Game Pass, ẹran ńlá kan, eland, ń kú lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ ara wọn. Ọkùnrin tí ó di ìrù rẹ̀ mú náà kọ́ ẹsẹ̀ bákan náà. Ẹ wo tiwa: àjèjì tí ó gbọ́ pé òrìṣà gun ènìyàn, ẹṣin ni yóò máa wá nínú àwòrán.

Ní ti ìtọ́jú, òkúta ibẹ̀ ń ṣí, àwọn àlejò kan sì máa ń da omi sí àwòrán kí àwọ̀ rẹ̀ lè yọ nínú fọ́tò. Omi náà ń fa iyọ̀ inú òkúta jáde, iyọ̀ sì ń ba ọ̀dà jẹ́. Ọgbà àti amọ̀nà lè dènà èyí. Ṣùgbọ́n ní tèmi, ìwé àkọsílẹ̀ èdè yẹ kí ó wà nínú ètò ìtọ́jú kan náà, nítorí ẹnikẹ́ni kò sọ ǀXam mọ́. Ní 2021, iná jó yàrá ìkàwé Jagger ní Yunifásítì Cape Town, níbi tí apá kan àkójọ Bleek àti Lloyd wà lábẹ́ ìtọ́jú. Ó dára pé wọ́n ti ya àwọn ìwé náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú. Ti Qing kò rí bẹ́ẹ̀: èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Orpen fi tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde ní 1874, gbólóhùn tí ó ti ẹnu rẹ̀ jáde gan-an kò sí níbẹ̀.