Àgbẹ̀ tí Omi Gba Oko Rẹ̀

Ní ọdún 2012, nígbà tí àkúnya omi ba oko jẹ́ káàkiri ilẹ̀ Nàìjíríà, Ààrẹ Goodluck Jonathan kéde bílíọ̀nù 17.6 náírà fún ìrànlọ́wọ́. Owó ńlá ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ àti àwọn àjọ ni a kọ́kọ́ fi í lé. Kí irú owó bẹ́ẹ̀ tó kan ẹni tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ rà sínú ẹrẹ̀, a ní láti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀; àwa tí a sì ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé mọ bí ìwé ti ń pẹ́ lórí tábìlì. Báwo ni a ó sì ti wọn oko tí omi ti gbé lọ?

Ọ̀ràn náà kan àwa ará Ìbarà, nítorí bí a bá tú omi sílẹ̀ níbi tí a ti sé odò Ọ̀yán, Odò Ògùn ni ó ń bá wá sọ́dọ̀ wa.

Láti ọdún 1987 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá ètò adójútòfò sílẹ̀ fún àgbẹ̀: kí àgbẹ̀ san díẹ̀ ṣáájú, kí ìjọba sì bá a gbé nínú ẹrù náà. Ẹni tí ó wọ inú rẹ̀ kò tọrọ àánú. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ó ń béèrè. Ẹ̀yin ọmọ tí ó mọ̀wé, ẹ bá bàbá yín kọ bí oko ti tó àti ohun tí ó gbìn sí i, kí odò tó kún.