Rọ́bà Ọwọ́ Kẹ̀kẹ́ Àtijọ́

Ó lè jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ Raleigh tí bàbá yín fi sílẹ̀ ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nottingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti ṣe é. Irú rẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ Ìwó fi ń ru kòkó láyé ijọ́un. Irin rẹ̀ lè dára síbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ tó gùn ún, ẹ wo rọ́bà tí à ń dì mú. Bí ó bá yọ̀ lọ́wọ́ yín lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ̀yin àti ẹrù yín di ilẹ̀.

Oje igi ni rọ́bà. Láyé àtijọ́, bí oòrùn bá ti mú, a máa rọ̀, a sì máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. Ará Amẹ́ríkà kan, Charles Goodyear, ló fi imí ọjọ́ sí i, tó fi iná sè é, tó fi le. Ní 1844 ni ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ lórí iṣẹ́ náà. (Orúkọ iṣẹ́ yìí ni a ti rí “fọganáísà” tí à ń pe àwọn tó ń lẹ táyà.) Síbẹ̀, oòrùn, òógùn àti epo ṣì ń ba rọ́bà jẹ́.

Ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó fọ rọ́bà náà, pàápàá àárín ìlà ara rẹ̀. Ẹ má fi iyanrìn ha á, nítorí àwọn ìlà yìí ni kì í jẹ́ kí ọwọ́ yọ̀. Ẹ má lo kẹrosíìnì tàbí pẹtiróòlù. Wọ́n ń mú rọ́bà wú. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò fẹ́ fi òrí pa á kó lè dán. Á dán lóòótọ́, bí ara ọmọ tuntun, ṣùgbọ́n ọwọ́ yóò máa yọ̀, òrí náà yóò sì máa jẹ rọ́bà lọ díẹ̀díẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ bọ́ ọ, ẹ má fi ọ̀bẹ gé e. Ẹ rọra ti sípóòkù tí ẹnu rẹ̀ kò mú bọ abẹ́ rẹ̀, ẹ kán omi ọṣẹ tẹ̀ lé e, kí ẹ wá máa lọ́ ọ sọ́tùn-ún sósì. Yóò jáde. Ẹ ha ìpẹtà ara irin kúrò, ẹ ṣan rọ́bà náà, ẹ sá a sí ibòòji. Omi lásán ni kí ẹ fi dá a padà. Ní ọjọ́ kejì, ẹ fi agbára yí i wò. Bí ó bá ṣì ń yí, ẹ má tíì gùn ún.

Èyí tó bá ti là káàkiri, tàbí tó ṣì ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ lẹ́yìn tí ẹ fọ̀ ọ́, ti kú. Ọṣẹ kò lè jí i. Ẹ ra tuntun, kí ẹ sì fi ti bàbá pamọ́ bí ẹ bá fẹ́.