Ibo lẹ gbé monkey post sí?

Ẹ̀yin ará Ìjókò, òkúta méjì tàbí táyà àlòkù ti tó àwọn ọmọ wa láti fi ṣe monkey post. Èmi ò rí aburú níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Amẹ́ríkà: kí Ed Headrick tó ṣe apẹ̀rẹ̀ onísẹ́ẹ̀nì fún eré disc golf láwọn ọdún 1970, igi àti òpó làwọn èèyàn ń ju ike pẹlẹbẹ náà sí.

Ibi tá à ń gbé òkúta náà sí ló ń kọ mí lóminú. Tó bá kọjú sí títì, ọmọ lè sá tẹ̀lé bọ́ọ̀lù bọ́ síwájú tírélà. Tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, ọkọ̀ rélùwéè kì í lè dúró lójijì.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ilẹ̀ kan fún wọn. Òkúta ò wọ́n, ọmọ ló wọ́n.